Àṣẹ Ọjọ́ Méjìlá ti Igbákejì Méyọ̀ Velarmino

Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn: bí kò bá fún un lẹ́sẹ̀, a ṣo ó. Ọkùnrin kan wà ní ìlú wa tó gba ṣòkòtò ọlọ́ṣòkòtò wọ̀ fún ọjọ́ méjìlá péré, ó sì ń jó nínú rẹ̀ títí ó fi já bọ́ lójú gbogbo ayé. Bí o bá jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí á fi àwọn aláṣẹ rẹ́rìn-ín, pa ìwé yìí dé, kí o lọ sùn. Àwa tó kù, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Erékùṣù ni San Telmo, ìlú wa, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ńlá ń dé ibẹ̀. Méyọ̀ wa ni Adoracion Pabalan, obìnrin kúkúrú tó ń wọ sílípáàsì lọ sí ọ́fíìsì, tó sì ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ bí ẹni ń ṣọ́ iyọ̀ fi sọ́bẹ̀. Igbákejì rẹ̀ ni Crisanto Buenaflor Velarmino. Má ṣe pè é ní Santo bí ìyá rẹ̀ ti ń pè é. Má sì ṣe pè é ní Igbákejì, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń há a lọ́fun bí egungun ẹja. "Ọlọ́lá" ni kí o pè é, kí o sì tẹ orí ba díẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni nǹkan kan fi ń dun Velarmino lọ́kàn. Ìgbéyàwó ni. Nínú òfin ilẹ̀ wa, àwọn tó lè so ọkùnrin àti obìnrin pọ̀ kò pọ̀: adájọ́ wà níbẹ̀, àlùfáà tó gba ìwé àṣẹ wà níbẹ̀, Méyọ̀ náà wà níbẹ̀, nínú ìlú tirẹ̀. Igbákejì Méyọ̀ kò sí níbẹ̀. Olórí àdúgbò kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá kò sí níbẹ̀, bó ti wù kí ìbọn rẹ̀ gùn tó. Igbákejì lè gé rìbọ́ọ̀nù, ó lè ṣe alága ìgbìmọ̀, ó lè ṣe bàbá ìsàmì fún ọgọ́rùn-ún ọmọ. Ṣùgbọ́n bó bá so tọkọtaya pọ̀, bí ẹni so ewúrẹ́ méjì mọ́ra ni. Ẹni tó bá wù lè já okùn rẹ̀ kó máa lọ.

Àfi bí Méyọ̀ bá lọ sí òkè òkun. Nígbà náà igbákejì á di adelé, àṣẹ Méyọ̀ á sì bọ́ sí i lọ́wọ́, títí kan àṣẹ ìgbéyàwó.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Velarmino fi dúró kí Pabalan rìnrìn àjò. Pabalan kò lọ ibì kankan. Velarmino ra ìwé aláwòrán mèremère tó ń polówó àwọn ìlú òkèèrè, ó gbé e sórí tábìlì rẹ̀. Pabalan fi í di ẹja gbígbẹ.

"Boni," ni Velarmino máa ń sọ fún akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìlú, "ìwé wo ni àwọn ènìyàn ń tọ́jú jù nínú ilé?"

Boni ni ọkùnrin tí ọrùn rẹ̀ kì í sinmi. Bí aláǹgbá orí ògiri ló ṣe máa ń mi orí. Inú àpò rẹ̀ ni òǹtẹ̀ ìgbìmọ̀ máa ń wà tọ̀sán-tòru, kó má baà pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́ bí ọ̀gá bá fẹ́.

"Ìwé tí Ọlọ́lá bá fọwọ́ sí ni, Ọlọ́lá."

"Ìwé ìgbéyàwó ni, òmùgọ̀."

"Ìwé ìgbéyàwó ni. Òmùgọ̀ sì ni mí, Ọlọ́lá."

"Bí mo bá so ogójì tọkọtaya pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, inú àpótí ogójì ilé ni orúkọ mi á wà títí ayé. Afárá á wó, ọ̀nà á bàjẹ́..."

"Afárá tí ẹ kọ́ tiẹ̀ ti wó, Ọlọ́lá."

"Ṣé o rí i?"

Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀. Ọmọ Pabalan tó ń ṣiṣẹ́ ní Dubai bímọ obìnrin, ìyá àgbà sì fẹ́ lọ gbé e. Ọjọ́ méjìlá ló gbà. Ní èbúté, gbogbo ìlú dúró kí ó fi ọ̀rọ̀ ìdágbére sílẹ̀. Ó yíjú sí igbákejì rẹ̀.

"Santo, má ba nǹkan jẹ́ o."

Ó wọkọ̀.

Kí ọkọ̀ tó yí imú padà, Velarmino ti wà ní ọ́fíìsì Méyọ̀, ó ní kí wọ́n fi bíríkì méjì sábẹ́ àga kí òun lè ga ju àlejò lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́. Wọ́n wá gbé àpótí kékeré kan sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sí ilé ìwòsàn, sí ọjà ẹja, àti sí ilé tí wọ́n ti ń pa ẹlẹ́dẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó ṣòfin pé kí àwọn àkùkọ tó wà nítòsí ilé rẹ̀ má ṣe kọ kí òun tó jí. Ọlọ́pàá méjì ló ń dúró ti àwọn àkùkọ náà láàárọ̀. N kò sọ pé àkùkọ gbọ́ o. Mo ní ọlọ́pàá dúró tì wọ́n.

Ṣùgbọ́n kó tó ṣe gbogbo ìyẹn ló ti kéde ìgbéyàwó ọ̀fẹ́ fún ogójì tọkọtaya. Ìlú ni yóò pèsè oúnjẹ, Ọlọ́lá ni yóò so wọ́n pọ̀. Ní ìlú wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ń gbé pọ̀, tí wọ́n ti bímọ mẹ́ta, mẹ́rin, tí wọn kò tíì rí ohun tí wọn ó fi ṣe ìgbéyàwó. Kò tó ọjọ́ kan tí ogójì fi pé. Velarmino rán ènìyàn lọ gbẹ́ òkúta mábù kan, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé: OGÓJÌ TỌKỌTAYA NI ỌLỌ́LÁ CRISANTO BUENAFLOR VELARMINO SO PỌ̀ NÍ ỌJỌ́ YÌÍ. Wọ́n fi aṣọ bò ó, wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn eré.

Obìnrin kan wà tí òkúta yìí kò dùn mọ́ nínú. Manang Consorcia ni (Manang ni à ń pe obìnrin tó jù wá lọ), òun ló ń kọ orúkọ tọkọtaya sínú ìwé ìjọba láti ọgbọ̀n ọdún. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mọ òfin bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀.

"Santo," ni ó wí, nítorí òun àti ìyá rẹ̀ jọ dàgbà ni, "òfin ní kí á lẹ orúkọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí mọ́ ògiri fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko kí n tó fún wọn níwèé àṣẹ. Àárọ̀ ọjọ́ kejìlá ni yóò jáde. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an sì ni ọkọ̀ Pabalan ń dé. Tó bá ti wọlé, tó sì ti fi ìwé sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun ti dé, àṣẹ rẹ tán nìyẹn."

"Manang, aago mẹ́jọ la ó bẹ̀rẹ̀. Kí aago mẹ́wàá tó lù, a ti parí."

"Ṣé wàá sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ìṣáájú kékeré kan ni."

Manang Consorcia wo ìdì bébà ọ̀rọ̀ tó wà lórí tábìlì Santo, tó ga tó burẹ́dì.

Nínú ogójì tọkọtaya náà, méjì lára àwọn ènìyàn náà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù: Marivic, ọmọ Nong Usting apẹja (Nong ni à ń pe ọkùnrin tó jù wá lọ), àti Rodel, atukọ̀ òkun. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú Marivic. Rodel rí iṣẹ́ sínú ọkọ̀ ńlá kan tó ń lọ sí òkèèrè fún ọdún kan, aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn ló sì gbọ́dọ̀ wọkọ̀ kúrò ní San Telmo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ta ni wọn ì bá tún lọ? Àlùfáà ní òun gbọ́dọ̀ kéde wọn fún ọjọ́ ìsinmi mẹ́ta. Adájọ́ kì í wá sí erékùṣù wa àfi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ọkọ̀ bá gbéra kí wọ́n tó di tọkọtaya, ọmọ á dé kí bàbá tó dé, Rodel yóò sì wà lórí omi láìní ìyàwó lójú òfin. Nong Usting ti sọ tirẹ̀: "Èmi ò ní jókòó ti ọmọ mi kó bímọ fún ọkọ̀ ojú omi."

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá, àwọn méjèèjì mú ìwé àṣẹ wọn tí tàdáwà rẹ̀ kò tíì gbẹ, wọ́n lọ bá Velarmino nílé, níbi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ funfun rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ọlọ́lá, ẹ jọ̀ọ́," ni Marivic wí, "ẹ kọ́kọ́ so àwa pọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Manang Consorcia ní bí ìwé bá ti pé, òfin kò béèrè ju kí á dúró níwájú yín àti ẹlẹ́rìí méjì, kí á sì fẹnu ara wa sọ ọ́ pé a fẹ́ra."

"Nọ́ńbà yín?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, sà," ni Rodel dáhùn.

"Ṣé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n máa ń ṣáájú oókan ni? Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí mo bá so yín pọ̀ níhìn-ín, mélòó ló kù ní gbọ̀ngàn?"

"Mọ́kàndínlógójì, Ọlọ́lá," ni Boni wí.

"Kí ni wọ́n kọ sára òkúta?"

"Ogójì, Ọlọ́lá."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí òkúta máa purọ́ ni?"

Marivic ní, "Ẹni tó gbẹ́ ẹ lè tún un gbẹ́."

"Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀, ọmọdébìnrin! A kì í tún orúkọ mi gbẹ́!"

Ìwọ tí ò ń kàwé yìí, bí wọ́n bá ní kí ènìyàn kan fẹ́ atẹ́gùn sí ọ lójú, tó wá lọ kó ata sẹ́nu, ṣé ojú tó ń dùn ọ́ ló ń rò àbí ẹnu tirẹ̀? Máa rò ó bọ̀.

Aago mẹ́jọ kọjá. Ilé Velarmino kò ju igba ìgbésẹ̀ lọ sí gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n mọ́tò ló wọ̀, ó sì yí ìlú po lẹ́ẹ̀mẹta kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Aago mẹ́wàá ni ó wọlé. Àwọn ìyàwó wọ aṣọ funfun, òógùn ti mú àtíkè wọn ṣàn. Boni gba máìkì, ó kí Ọlọ́lá fún ogún ìṣẹ́jú: òpó San Telmo, ìràwọ̀ erékùṣù, ọkùnrin tí òkun ń bi léèrè kó tó ru. Velarmino dìde. Ó tú burẹ́dì bébà rẹ̀. Ó ti há gbogbo rẹ̀ sórí, ó wá di ojú, nítorí ó gbà pé ọ̀rọ̀ ńlá kì í jáde bí ojú bá là.

"Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀," ni ó wí, "òkun ni ó wà."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òkun. Ní aago mọ́kànlá, erékùṣù wa ti yọrí jáde nínú omi. Ní aago méjìlá, bàbá àgbà rẹ̀ ti dé pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan àti adìyẹ méje. Ní aago kan, ó dé orí gọ́tà tí òun fúnra rẹ̀ là ní àdúgbò ọjà. "Kí ni ìgbéyàwó," ni ó bú sí i, "bí kò ṣe gọ́tà? Ohun tí ó wà lókè ń ṣàn lọ sísàlẹ̀!" Ó dákẹ́ fún àtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀, Perpetua, ti sùn. Ajá kan nara.

Ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, òórùn ẹlẹ́dẹ̀ sísun bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Tọkọtaya kìíní ní àwọn ń lọ wo ọmọ. Ìkejì ní àwọn ń lọ wo àwọn tó lọ wo ọmọ. Wọ́n ń yọ́ jáde lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ojú Ọlọ́lá wà ní dídì.

Marivic kò jáde. Ó lọ síwájú pèpéle, ó fa etí ṣòkòtò Velarmino.

"Ọlọ́lá, aago méjì ku díẹ̀!"

"Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi gan-an..." ni Velarmino ń wí lọ.

Ìgbà yẹn ni fèrè ọkọ̀ dún ní èbúté: *Pòòòòòò!* Ó bo gbogbo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Velarmino la ojú ẹyọ kan.

"Boni! Lọ sọ fún ọ̀gá ọkọ̀ yẹn pé adelé Méyọ̀ ń sọ̀rọ̀. Kò gbọdọ̀ fọn fèrè yẹn mọ́!"

"Kò gbọdọ̀ fọn ọ́n mọ́, Ọlọ́lá!" Boni sáré jáde. Velarmino tún di ojú.

Manang Consorcia dìde pẹ̀lú ìwé ńlá rẹ̀ lábẹ́ abíyá. "Inday, ọmọ mi," ni ó sọ sí Marivic létí, "ká aṣọ rẹ sókè. Ó yá, ẹsẹ̀ ni."

Marivic, Rodel, Nong Usting àti Manang Consorcia sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté, ìyàwó ló ń ṣíwájú pẹ̀lú oyún rẹ̀. Wọ́n bá Méyọ̀ Pabalan bó ti ń ti orí pákó ọkọ̀ bọ̀, ó wọ sílípáàsì, ó gbá páálí ńlá kan mọ́ àyà.

"Méyọ̀, ẹ gbà mí o!" ni Marivic ké. "Ọkọ̀ tó gbé yín dé yìí náà ló máa gbé ọkọ mi lọ, kò sì tíì di ọkọ mi!"

"Ẹ ò tíì ṣe é látàárọ̀? Kí ni Santo ń ṣe?"

Gbohùngbohùn tó wà lórí òpó ìlú ló dá a lóhùn: "...nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n padà sí orí ọ̀rọ̀ gọ́tà..."

"Mo ti gbọ́," ni Méyọ̀ wí. Ó gbé páálí sílẹ̀. "Consorcia, ṣé mo lè so wọ́n pọ̀ báyìí?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ yín ló dé, àṣẹ yín kò tíì dé. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Kí akọ̀wé tó gbà á, Santo ni Méyọ̀."

"Akọ̀wé dà?"

Boni tó ti yà síbi ẹlẹ́dẹ̀ sísun lọ́nà ló ń sáré bọ̀ yìí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọ̀gá ọkọ̀! Ọlọ́lá ní kẹ́ ẹ pa fèrè..." Ó rí Pabalan. Ọrùn rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò tẹ̀ sí.

Méyọ̀ ya etí páálí kan, ó gba bírò lọ́wọ́ Manang Consorcia, ó kọ ọ́ pé: *Mo ti dé. A. Pabalan.* "Boni, òǹtẹ̀."

Boni wo òkè níbi tí ohùn ọ̀gá rẹ̀ ti ń bọ̀. Ó wo ìsàlẹ̀, ó rí obìnrin kúkúrú tó wọ sílípáàsì. Ó wo Nong Usting, ẹni tó mú ọ̀kọ̀ ẹja rẹ̀ dání, kì í ṣe fún ẹnikẹ́ni o, ó kàn mú un dání ni.

"Boni," ni Nong Usting wí jẹ́jẹ́, "èmi náà fẹ́ mọ ibi tí òǹtẹ̀ yẹn wà."

Gbàà! Òǹtẹ̀ balẹ̀ lára páálí. Aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

"Òótọ́ ni, Méyọ̀," ni Boni wí.

"Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

Manang Consorcia tún gbé ọwọ́ sókè. "Kò tíì tán. Ọ́fíìsì ló yẹ kí á ti so wọ́n pọ̀. Bó bá jẹ́ ibòmíràn, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ fi ìwé bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n sì búra sí i. Ti gbọ̀ngàn nìkan ni wọ́n kọ tẹ́lẹ̀." Wọ́n ya etí páálí kejì. Rodel kọ ọ́, Marivic fọwọ́ sí i, wọ́n búra. Fèrè ọkọ̀ dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Rodel, ṣé o fẹ́ Marivic ní aya?"

"Mo fẹ́ ẹ, Méyọ̀."

"Marivic, ṣé o fẹ́ ẹ?"

"Láti àárọ̀ ni mo ti fẹ́ ẹ!"

Nong Usting àti obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. "Ẹ ti di tọkọtaya," ni Méyọ̀ wí. "Fọwọ́ síbí. Ìwọ náà. Ó tó. Sáré!" Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń dín létí èbúté kò tíì yí pupa. Rodel dì mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó fò sórí pákó, ọkọ̀ sì yí imú padà. Marivic juwọ́ títí aṣọ funfun rẹ̀ fi rin fún omi òkun.

Nígbà yìí, gbogbo ìlú ti gbọ́ pé Méyọ̀ dé. Àwọn tọkọtaya mọ́kàndínlógójì ti sọ̀kalẹ̀ wá sí èbúté, egungun ẹlẹ́dẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú wọn. Gbogbo wa dúró níbẹ̀ nígbà tí ohùn Velarmino gòkè lórí gbohùngbohùn bí ẹni pé ọ̀run fẹ́ ya:

"Nípa àṣẹ ńlá tí òfin gbé lé mi lọ́wọ́, èmi, Crisanto Buenaflor Velarmino, so yín pọ̀ ní ọkọ àti aya!"

Ó dájú pé ó ti la ojú rẹ̀, nítorí a gbọ́ ọ nínú máìkì tó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ajá kan gbó lẹ́ẹ̀kan.

"Ó ti so ajá pọ̀ mọ́ àga," ni Nong Usting wí. "Ẹ kú oríire ìyàwó."

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, mo rò pé ọkọ̀ tó ń lọ lórí omi gbọ́ ọ. Perpetua náà jí, a gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú máìkì: "Santo, ṣé ó ti parí? Àwọn ènìyàn dà?"

Méyọ̀ gòkè lọ sí gbọ̀ngàn, ó sì so mọ́kàndínlógójì tó kù pọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní, "Santo, bá mi di máìkì yìí mú, ìka mi ń ro mí." Velarmino dì í mú. Ìgbà mọ́kàndínlógójì ló gbọ́ "Ẹ ti di tọkọtaya," kò sì lè fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣí aṣọ kúrò lójú òkúta mábù náà, gbogbo ènìyàn kà á sókè, títí dé àwọn tí kò mọ̀wé. Boni ló kà á sókè jù.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò kún àpótí ìdìbò. Nígbà tí Velarmino jáde fún ipò Méyọ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn ènìyàn mú ẹní àti ìrọ̀rí wá sí ìpàdé rẹ̀. Ó ka burẹ́dì bébà mìíràn sí wọn. Ní ọjọ́ ìdìbò, kò rí ipò Méyọ̀ gbà, ti igbákejì sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àdúgbò tó la gọ́tà sí, ẹni mẹ́ta péré ló dìbò fún un, Perpetua sì búra pé òun kò sí lára wọn.

Òkúta náà kò ṣòfò. Àtẹ̀gùn kan ti kán ní èbúté níbi tí èrò ń sọ̀ kalẹ̀ sí, Nong Usting sì tọrọ òkúta náà láti fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò dán, ojú tí wọ́n kọ̀wé sí ló dán, nítorí náà wọ́n tẹ́ ẹ ní ojú sókè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, ọkọ̀ ń bọ̀, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti dúró létí omi. Velarmino wá síbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Ó gun òkúta náà, ó wo àwọn ènìyàn, ó di ojú, ó sì la ẹnu.

*Pòòòòòò!* ni fèrè wí.

Marivic ló wà níwájú, ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń na ọrùn kó lè rí orí pákó ọkọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Nong Santo," ni ó wí, "ẹ sún kúrò lórí orúkọ yín. Ọkọ mi fẹ́ sọ̀ kalẹ̀."

Ó sì sún, láìsọ ọ̀rọ̀ kan.